Ewé Eéran àti Èso Rẹ̀: Ìtàn Ohun Amóúnjẹdùn Kan, 1852–2024

Lára páálí ṣingọ́ọ̀mù àti lára àwọn oògùn mímu kan tí wọ́n ń tà ní ilẹ̀ Yúróòpù, a máa ń rí àmì kan tí wọ́n kọ báyìí: E957. Ohun tí àmì náà dúró fún ni thaumatin, purotéènì kan tí adùn rẹ̀ tó ìlọ́po 2,000 sí 3,000 adùn ṣúgà, bí a bá wọn àwọn méjèèjì ní ìwọ̀n kan náà. Inú èso ọ̀gbìn kan ni wọ́n ti rí i. Ọ̀gbìn yìí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tí ó bá ti jẹ ẹ̀kọ tàbí mọ́ínmọ́ín ní ilẹ̀ Yorùbá rí, nítorí pé ewé rẹ̀ wà lára ewé tí wọ́n fi ń pọ́n wọn. Ewé eéran ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè é. Àwọn mìíràn ń pè é ní ewé mọ́ínmọ́ín. Thaumatococcus daniellii ni àwọn onímọ̀ nípa ewéko sọ ọ́. Nínú ìwé àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ó tún ní orúkọ kan, Yoruba soft cane, tí ó so ó mọ́ ìran kan.

Síbẹ̀, àwọn ìwé tí ó sọ̀rọ̀ nípa E957 kì í sábà mẹ́nu ba ewé, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ìwé tí ó sọ̀rọ̀ nípa oúnjẹ Yorùbá kì í sábà mẹ́nu ba èso. Ìtàn ọ̀gbìn kan ṣoṣo ti pín sí méjì, apá kan wà lọ́wọ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì àti àwọn oníléeṣẹ́, apá kejì wà lọ́jà lọ́wọ́ àwọn obìnrin aléwé. Bí ìpínyà yìí ṣe ṣẹlẹ̀, àti ohun tí ó bá a lọ, ni àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ yẹ̀ wò. Ọ̀rọ̀ náà kò kéré, nítorí pé ìdáhùn sí ìbéèrè pé "ta ni ó kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n?" ni àwọn aṣòfin àgbáyé fi ń pín èrè lóde òní.

Ọ̀gbìn náà àti ìlò ewé rẹ̀

Inú igbó kìjikìji ni ewé eéran ti ń hù, lábẹ́ ìbòòji igi ńlá, láti Sierra Leone títí dé ilẹ̀ Kóńgò. Gbòǹgbò rẹ̀ a máa fà lọ lábẹ́ ilẹ̀. Láti ara gbòǹgbò náà ni ọ̀pá ewé ti ń yọ, ọ̀pá kan sí ewé kan. Ọ̀pá yìí lè ga ju ènìyàn lọ. Ewé orí rẹ̀ fẹ̀, ara rẹ̀ ń dán, omi kì í sì í tètè gbà á kọjá. Òdòdó àti èso rẹ̀ kò sí lókè pẹ̀lú ewé. Ìdí ilẹ̀ ni wọ́n wà, àwọn ewé gbígbẹ a sì máa bò wọ́n mọ́lẹ̀. Èso náà ní igun mẹ́ta, ó máa ń pupa bí ó bá gbó, kóró dúdú mẹ́ta ni ó sì sábà máa ń wà nínú rẹ̀. Ohun yíyọ̀ kan tí ó mọ́ gaara bo kóró kọ̀ọ̀kan, ẹran rírọ̀ kékeré kan sì wà ní ìdí rẹ̀. Inú ẹran kékeré yìí ni adùn wà. Ara èso pupa náà fúnra rẹ̀ kò dùn.

Ó yẹ kí a fi ọkàn sí bí ọ̀gbìn náà ṣe rí yìí, nítorí pé ó kó ipa nínú ìtàn rẹ̀. Ẹni tí ó ń já ewé, òkè ni ojú rẹ̀ wà. Ẹni tí ó ń wá èso gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀, kí ó tú ìdí ewé gbígbẹ wò. Àwọn obìnrin ni ó sábà máa ń já ewé fún títà. Èso ní tirẹ̀ jẹ́ ohun tí àwọn ọmọdé àti àwọn tí ń ti oko bọ̀ máa ń pọ́n lá lójú ọ̀nà. Ọwọ́ tí ó ń kó ọ̀kan kì í sábà jẹ́ ọwọ́ tí ó ń kó èkejì.

Iṣẹ́ ewé pípọ́n kì í ṣe iṣẹ́ òjijì. Bí wọ́n bá fẹ́ pọ́n mọ́ínmọ́ín, wọn a nu ewé náà tàbí kí wọ́n fọ̀ ọ́, wọn a fi méjì lé ara wọn, wọn a ká a kí ìdí rẹ̀ ṣe ṣóńṣó, wọn a ṣẹ́ ìdí náà pọ̀ kí ó má baà jò, wọn a bu ẹ̀wà lílọ̀ sí i, wọn a sì pa ẹnu rẹ̀ dé. Ọ̀pá tí wọ́n gé kúrò lára ewé kì í ṣòfò: ìsàlẹ̀ ìkòkò ni wọ́n ń tẹ́ ẹ sí, kí iná má baà jó mọ́ínmọ́ín nídìí. Ti ẹ̀kọ rọrùn ju ìyẹn lọ. Gbígbóná ni wọ́n ń dà á sínú ewé; bí ó bá tutù, a dì, ewé a sì ṣí kúrò lára rẹ̀ láìfà á ya. Àwọn tí ń ta obì náà kì í fi ewé ṣeré. Ewé gbòdògì, tí ó jẹ́ ìbátan ewé eéran, ni wọ́n ń tẹ́ sínú agbọ̀n kí obì má baà gbẹ. Ewé tí ó ń jẹ́ kí ẹ̀kọ tutù kí ó sì dì, àti ewé tí ó ń jẹ́ kí obì wà ní tútù fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń ṣe, àwọn tí ń lò wọ́n sì mọ ìyàtọ̀ náà láìsí ìwé.

Bí a bá ní kí a lo èdè àwọn onímọ̀ oúnjẹ òde òní, ewé yìí jẹ́ ohun ìpọ́n, ó sì tún jẹ́ ohun àfikún. Bí mọ́ínmọ́ín bá ń jinná nínú rẹ̀, òórùn ewé a wọ inú ẹ̀wà. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi máa ń sọ pé mọ́ínmọ́ín inú agolo kò rí bí ti inú ewé lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe àìfẹ́ ohun titun lásán. Irú ìmọ̀ báyìí pọ̀ nínú oúnjẹ wa. Pòpòrò ọkà bàbà jẹ́ àpẹẹrẹ kan: wọ́n a máa rẹ ẹ́ sínú omi kí omi náà lè pọ́n, ohun tí ó sì ń fún omi náà ní àwọ̀ ni àwọn onímọ̀ ń pè ní apigeninidin. Àwọn obìnrin Fúlàní ní orílẹ̀-èdè Benin a máa fi í pa wàrà láró pupa. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú àwọn ohun wọ̀nyí tí ó rin ìrìn àjò tó ti èso ewé eéran.

Daniell àti ọ̀rọ̀ orúkọ

William Freeman Daniell jẹ́ dókítà nínú ẹgbẹ́ ọmọ-ogun Gẹ̀ẹ́sì, ó sì lo ọ̀pọ̀ ọdún ní etíkun Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Ní 1849 ó tẹ ìwé kan jáde nípa àrùn àti ipò ilẹ̀ ní àgbègbè Gulf of Guinea. Ní 1852 ó kọ àpilẹ̀kọ kan sínú Pharmaceutical Journal nípa èso kan tí àwọn Yorùbá ń pè ní àgbáyun. Ní 1855 ó tún kọ òmíràn sínú ìwé ìròyìn kan náà, èyí tí ó pe àkọlé rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ nípa katemfe, èso ìyanu ilẹ̀ Sudan. Èyí kejì ni èso ewé eéran.

Kò yẹ kí a da àwọn èso méjèèjì pọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ìwé kan ń dà wọ́n pọ̀ títí di òní nítorí pé wọ́n jọ ń jẹ́ "èso ìyanu". Àgbáyun kò dùn tó bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó máa ń mú ohun kíkan dùn lẹ́nu ẹni tí ó bá kọ́kọ́ jẹ ẹ́. Èso ewé eéran ní tirẹ̀ dùn fúnra rẹ̀. Adùn náà kì í tètè dé, ṣùgbọ́n bí ó bá dé tán, kì í tètè lọ.

Ohun tí Daniell kọ ní 1852 ṣe pàtàkì fún òpìtàn. Ó ní àwọn ará ibẹ̀ ń fi àgbáyun mú kẹ́ńkẹ́ tí ó ti kan dùn lẹ́nu, wọ́n sì ń lò ó bákan náà fún ẹmu kíkan àti fún ọtí ọkà. Èyí jẹ́ àkọsílẹ̀ ìlò, kì í ṣe àkọsílẹ̀ ìṣàwárí. Dókítà náà bá àwọn ènìyàn tí wọ́n ti ní ìṣòro kan, èyíinì ni oúnjẹ tí ó kan ju bí wọ́n ti fẹ́ lọ, tí wọ́n sì ti ní ojútùú sí i, ó sì kọ ojútùú náà sílẹ̀. Kò tilẹ̀ jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ láàárín àwọn ará Yúróòpù: ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Chevalier des Marchais, ti ṣàkíyèsí àgbáyun ní etíkun yìí ní 1725. Àkọlé ti 1855 náà jẹ́ ẹ̀rí. Orúkọ tí Daniell lò, katemfe, orúkọ ilẹ̀ Áfíríkà ni. Ohun tí ó bá ti ní orúkọ, tí ó sì ti ní ìlò, ẹnìkan ti mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí ó di pé kí wọ́n fún ọ̀gbìn náà ní orúkọ Látìn, Bennett fi orúkọ Daniell sọ ọ́. Ní 1883, Bentham fún ẹ̀yà náà ní orúkọ Thaumatococcus, láti inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí ó túmọ̀ sí ìyanu. Báyìí ni orúkọ oníṣègùn kan ṣe wọ inú orúkọ ọ̀gbìn náà títí láé. Orúkọ àwọn tí ó fi èso náà hàn án kò sí nínú rẹ̀.

Ó dára kí a bi ara wa pé, bí àwọn baba wa bá mọ èso yìí, kí ni ìdí tí wọn kò fi sọ ọ́ di ṣúgà tiwọn? Ìdáhùn tí ó jọ òótọ́ jù wà nínú irú adùn náà. Adùn tí kì í kúrò lẹ́nu kò bá oúnjẹ wa mu. Ẹni tí ó bá lá a, tí ó sì fẹ́ jẹ ọbẹ̀ ata lẹ́yìn rẹ̀, ẹnu rẹ̀ kò ní í sọ òtítọ́ fún un. Oyin wà, ìrèké sì wà, adùn àwọn wọ̀nyí sì mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó lọ. Ìdájọ́ kan náà ni àwọn oníléeṣẹ́ ilẹ̀ òkèèrè padà ṣe ní nǹkan bí ọgọ́fà ọdún lẹ́yìn Daniell, lẹ́yìn tí wọ́n ti ná owó púpọ̀.

Láti 1968 sí 1994

Fún ohun tí ó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ, àpilẹ̀kọ Daniell sùn sínú ìwé. Ohun tí ó jí i ni ìbẹ̀rù. Ní 1969, ìjọba Amẹ́ríkà fòfin de cyclamate, ohun amóúnjẹdùn àtọwọ́dá tí ó gbajúmọ̀ nígbà náà. Nígbà tí ó di 1977, wọ́n tún dá saccharin lẹ́bi. Àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá bẹ̀rẹ̀ sí wá ohun dídùn tí ó ti ara ewéko wá, igbó Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà sì wà lára ibi tí wọ́n kọ́kọ́ yíjú sí. Ní 1968, Kurihara àti Beidler ní Amẹ́ríkà ya èròjà inú àgbáyun sọ́tọ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ilé iṣẹ́ Unilever ní Vlaardingen, ní ilẹ̀ Nẹ́dálándì, ṣe ní ọdún kan náà. Ní 1972, Morris àti Cagan rí monellin nínú èso òmíràn láti igbó kan náà, Dioscoreophyllum cumminsii. Ní 1972 yìí kan náà ni van der Wel àti Loeve, ní Vlaardingen, ya purotéènì méjì sọ́tọ̀ láti inú èso ewé eéran, tí wọ́n pè ní thaumatin I àti II. Ó yẹ kí a rántí pé Unilever yìí ni ó ni United Africa Company, tí ó ti ń ra epo pupa àti kòkó ní ilẹ̀ wa láti 1929.

Ìtàn àgbáyun ní àkókò yìí kò dára. Ilé iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà, Miralin, ti múra láti máa tà á, ṣùgbọ́n ní 1974 àjọ tí ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn níbẹ̀ sọ pé ohun àfikún oúnjẹ ni, kò sì gbọdọ̀ dé ọjà láìṣe àyẹ̀wò síi. Ilé iṣẹ́ náà wó. Ó di 2021 kí ilẹ̀ Yúróòpù tó gba àgbáyun gbígbẹ láyè gẹ́gẹ́ bí oúnjẹ titun. Ọ̀rọ̀ náà, "oúnjẹ titun", yẹ fún ẹ̀rín díẹ̀.

Thaumatin rìn jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 1979, àwọn onímọ̀ to amínò ásíìdì 207 tí ó wà nínú thaumatin I lẹ́sẹẹsẹ. Ìdè mẹ́jọ ni ó so ó pọ̀ nínú lọ́hùn-ún, àwọn ìdè wọ̀nyí ni ó sì jẹ́ kí ó lè fara da ooru ju ọ̀pọ̀ purotéènì lọ. Tate & Lyle, àwọn oníṣòwò ṣúgà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó gbé e lọ sí ọjà, wọ́n sì sọ ọ́ ní Talin. Ilẹ̀ Japáànì gbà á ní 1979, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà á ní 1983, nígbà tí ó sì di 1994 gbogbo ilẹ̀ tí ó wà nínú àjọ ìṣọ̀kan Yúróòpù gbà á. Ní 1982, àwọn onímọ̀ Unilever ti yọ jíìnì rẹ̀, wọ́n sì ti fi sínú kòkòrò àìfojúrí kan. Ìgbésẹ̀ yìí ni ó ṣí ọ̀nà sílẹ̀ fún pípèsè thaumatin láìsí igbó, láìsí èso, àti láìsí ẹni tí ń ká a.

Níhìn-ín ni ó ti yẹ kí a yẹ ọ̀rọ̀ kan tí a máa ń gbọ́ wò. Àwọn kan máa ń sọ pé àwọn olùwádìí Yunifásítì Ifẹ̀ ni ó ṣàwárí thaumatin, tí àwọn òyìnbó sì jí i gbé. Ọ̀rọ̀ yìí dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ tí ó wà kò gbè é. Ti Vlaardingen ní 1972 ni ó ṣáájú lórí purotéènì náà. Ohun tí ó dájú nípa Ifẹ̀ ni iṣẹ́ tí S. K. Adesina ṣe pẹ̀lú J. D. Higginbotham ti Tate & Lyle, tí wọ́n tẹ̀ jáde nínú Carbohydrate Research ní 1977. Ohun yíyọ̀ tí ó bo kóró èso náà ni wọ́n wádìí, kì í ṣe adùn rẹ̀. Ohun yìí máa ń fa omi mu gan-an, a sì máa wú.

Ó ṣe ni láàánú pé àríyànjiyàn nípa ẹni tí ó jí adùn ti bo iṣẹ́ yìí mọ́lẹ̀. Irú ohun tí ń fa omi tí ó sì ń dì bí èyí, tí ó sì ti ara ewéko wá, ni àwọn olùwádìí ń lò lóde òní láti fi ṣe awọ fẹ́lẹ́ tí a lè fi bo oúnjẹ, tí a sì lè jẹ pọ̀ mọ́ oúnjẹ náà. Sítáàṣì ẹ̀gẹ́ àti àwọn ewéko inú òkun wà lára ohun tí wọ́n ń lò. Ìmọ̀ kan tí ó jẹ́ ti ìpọ́n-oúnjẹ ti wà nínú èso náà, gẹ́gẹ́ bí ó ti wà nínú ewé. Iṣẹ́ Ifẹ̀ ni ó sún mọ́ ọn jù. Bí a bá tilẹ̀ fẹ́ fi Ifẹ̀ (tí ó di Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní 1987) yangàn, ohun tí ó yẹ kí a fi yangàn ni èyí, nítorí pé òtítọ́ ni.

Àwọn tí ó retí pé thaumatin yóò gba ipò ṣúgà kò rí bẹ́ẹ̀. Adùn rẹ̀ a máa pẹ́ kí ó tó dé, a máa dúró pẹ́ jù, òórùn bíi ti igi adùn kan a sì máa tẹ̀ lé e. Aspartame, tí Amẹ́ríkà gbà láyè ní 1981, kò ní àléébù wọ̀nyí, òun ni ó sì gba ọjà náà. Iṣẹ́ tí ó kù fún thaumatin ni láti bo ìkorò oògùn, láti mú òórùn dídùn ṣingọ́ọ̀mù pẹ́ lẹ́nu, àti láti mú oúnjẹ ẹran ọ̀sìn dùn. Iṣẹ́ gidi ni, àmọ́ kò tó ohun tí àwọn ìwé ìròyìn ń kéde rẹ̀ ní nǹkan bí 1980.

Ewé, ọ̀rá àti òfin

Ní àkókò tí èso ń di ọlọ́lá ní òkèèrè, ewé ń di ohun àná nílé. Ọ̀rá àti agolo ti gba ipò rẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ ilé àti níbi ọ̀pọ̀ àríyá. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Ọ̀rá kì í ya, kì í ní ìgbà, kò sì béèrè pé kí a lọ sí igbó. Ewé eéran fẹ́ ìbòòji, bẹ́ẹ̀ àwọn igbó tí ó ní ìbòòji ti ń dín kù látàrí oko kòkó, igi gẹdú gígé àti ilé kíkọ́. Aléwé gbọ́dọ̀ rìn jìnnà ju bí ìyá rẹ̀ ti rìn lọ, kí ó sì tún ta ewé náà ní owó tí kò ní í mú oníbàárà sá lọ bá ọ̀rá. Ẹni tí ó bá sọ pé kí a padà sí ewé láìka èyí sí kò tíì ṣe ìṣirò tán.

Síbẹ̀ ọ̀rá náà ní ìṣirò tirẹ̀. Ewé tí a jẹ ẹ̀kọ inú rẹ̀ tán, ewúrẹ́ a jẹ ẹ́, tàbí kí ó jẹrà; ọ̀rá a wọ inú gọ́tà. Ní oṣù kìn-ín-ní 2024, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó kéde pé òun ti fòfin de páálí fọ́ọ̀mù funfun tí àwọn olóúnjẹ fi ń bu oúnjẹ fún oníbàárà. Ìjíròrò tí ó tẹ̀ lé e dá lórí ohun tí yóò rọ́pò rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹni pé kò tíì sí ohun kan bẹ́ẹ̀ rí.

Ọ̀rọ̀ òfin ló kù. Àdéhùn àgbáyé lórí ohun abẹ̀mí, tí wọ́n fọwọ́ sí ní 1992, àti àfikún rẹ̀ ti Nagoya, tí wọ́n ṣe ní 2010 tí ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2014, sọ pé ẹni tí ó bá fi ohun abẹ̀mí tàbí ìmọ̀ ìbílẹ̀ orílẹ̀-èdè kan ṣòwò gbọdọ̀ gba àṣẹ, kí ó sì pín èrè. Ṣùgbọ́n òfin náà kì í wo ẹ̀yìn. Nígbà tí ó dé, thaumatin ti lo ogún ọdún nínú ìwé, jíìnì rẹ̀ sì ti lo ọdún mẹ́wàá. Bí ó bá tilẹ̀ wo ẹ̀yìn, ta ni yóò gba èrè náà? Láti Sierra Leone dé Kóńgò ni àwọn ènìyàn ti mọ ọ̀gbìn yìí. Orúkọ Yoruba soft cane kò sọ ọ́ di ti Yorùbá nìkan, ẹni tí ó bá fẹ́ jà fún ẹ̀tọ́ Yorùbá lórí rẹ̀ gbọdọ̀ kọ́kọ́ dá àwọn Akan lóhùn. Ní Samreboi, ní ìwọ̀ oòrùn Gánà, àwọn ará abúlé ti ń ká èso náà tà fún ilé iṣẹ́ kan tí ń yọ adùn inú rẹ̀. Owó tí ó wọlé fún wọn wá láti inú ọjà, kò wá láti inú àdéhùn kankan.

Ibi tí ẹ̀tọ́ Yorùbá ti lè dúró ṣinṣin jù ni ọ̀rọ̀ ewé, ìyẹn iṣẹ́ pípọ́n, yíyan ewé fún oúnjẹ kọ̀ọ̀kan, àti ìpamọ́ obì. Ẹ̀rí rẹ̀ sì wà lẹ́nu àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ náà ju inú ìwé lọ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó ta ewé kí ọ̀rá tó gbòde ti dàgbà. Ohun tí ó yẹ kí olùwádìí bi wọ́n kò le: igbó wo ni wọ́n ti ń já a, ta ni ó ni igbó náà, ṣé wọ́n ń san nǹkan fún onílẹ̀? Ewé mélòó ni ó wà nínú ìdì kan, èló sì ni wọ́n ń tà á? Ọ̀nà wo ni wọ́n ń gbà já a kí gbòǹgbò má baà kú? Ewé wo ni wọn kì í fi pọ́n ẹ̀kọ, kí sì nìdí? Àti pé, nígbà tí wọ́n bá rí èso pupa náà ní ìdí ewé, kí ni wọ́n ń pè é, kí ni wọ́n sì ń fi í ṣe?